Alága Iwadate àti Bọ́ọ̀sì Tí Kì Í Rú Èéfín

Bí Alága Iwadate bá fẹ́ sín, ìnujú mẹ́ta ló máa ń yọ síwájú rẹ̀ kí imú rẹ̀ tó pinnu. Bí kò bá wá sín mọ́, àwọn tó na ìnujú á ní, "Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe kó ara wọn níjàánu!" Bí wọ́n ṣe ń gbé ayé nìyẹn ní gbọ̀ngàn ìjọba ìlú Tsuzura nígbà tí Iwadate Shigenobu wà lórí àlééfà. Ọkùnrin náà kò ga, túbọ̀mu rẹ̀ ló ga. Ó máa ń fi òróró yí ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì sókè, débi pé tí inú bá ń bí i, ṣe ni wọ́n á máa gbọ̀n bí ìwo kòkòrò.

Ọkọ̀ dúdú ni ìlú fi ń gbé e. Aṣọ léèsì funfun ni wọ́n fi bo àwọn ìjókòó rẹ̀, ẹ̀yìn dírẹ́bà gan-an sì ni Alága máa ń jókòó sí, nítorí ibẹ̀ ni ìjókòó àgbà. Nezu, ọ̀gá ẹ̀ka ètò ìlú, a máa jókòó síwájú. Iṣẹ́ Nezu pọ̀, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Alága kò ní tíì parí ọ̀rọ̀ tí Nezu á ti pàtẹ́wọ́. Nígbà mìíràn, Alága kò ní tíì bẹ̀rẹ̀.

Ilé bàbá ńlá Iwadate wà ní Kamitsuzura, abúlé orí òkè, ibẹ̀ náà ló ń gbé. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti lọ sí Osaka. Ọ̀bọ ló ń jẹ èso kákì, nítorí kò sẹ́ni tó lè gun igi mọ́. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló so abúlé náà pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, àwọn ìyá àgbà mẹ́ta ló sì ń wọ̀ ọ́ jù. Ìyá Fusae ń lọ ra nǹkan, Ìyá Yone ń lọ wẹ nínú omi gbígbóná tó ń sun láti inú àpáta, àwọn méjèèjì sì ń lọ ṣòfófó. Ṣùgbọ́n Ìyá Hanyū, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tomie, ọkọ rẹ̀ ló ń lọ wò. Kinzō ti wà lórí ibùsùn nílé ìwòsàn láti ìgbà tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ ti gbé e ṣánlẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀sì tí ó lè fún un lóúnjẹ kó gbà, àfi ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì bá gbé Tomie dé, Kinzō á jẹun. Lọ́jọ́ tí kò bá gbé e dé, á yí ojú sí ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí Alága kò fi í sọ́kàn.

Òfin tuntun wá dé láti olú-ìlú. Òfin náà dára, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò lé lọ́wọ́, ọ̀nà tí kò bá sì pa owó wọlé ni wọ́n ń pa tì. Ní báyìí, kí ìlú kọ̀ọ̀kan jókòó, kí ó ṣètò bí èèyàn á ṣe máa rìn láìní mọ́tò ti ara rẹ̀, kí èéfín lè dín kù, kí arúgbó má sì há sílé. Ìgbìmọ̀ kan ni yóò fọwọ́ sí ètò náà, ẹni tó ń wọ ọkọ̀ gan-an sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìlú tó bá ṣe dáadáa, gómìnà á fún un ní àmì ẹ̀yẹ.

Nezu ka gbogbo rẹ̀ sókè. Alága ń wo túbọ̀mu nínú dígí títí ó fi gbọ́ gbólóhùn ìparí.

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Òfin náà, Alága?"

"Àmì ẹ̀yẹ!"

"Ó tó báyìí, Alága." Nezu la ọwọ́ méjèèjì. Ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó tún là wọ́n sí i.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe ìlú jọ. Iwadate gun orí pèpéle, ó mumi, ó wo òkè àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

"Ẹ̀yin ará Tsuzura! Èmi Iwadate ronú. Mo ronú títí ó fi rẹ ìrònú fúnra rẹ̀, mo tún gbé e dìde, mo ní kò tíì tó! Kí ló ń ba afẹ́fẹ́ wa jẹ́? Èéfín! Ta ló ń rú èéfín? Bọ́ọ̀sì! Ìgbà wo ni bọ́ọ̀sì ń rú èéfín?" Ó dákẹ́. Nezu ti gbé ọwọ́ sókè. "Ìgbà tó bá ń rìn! Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bọ́ọ̀sì tó mọ́ jù lọ lágbàáyé ni bọ́ọ̀sì tí kò rìn!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ nítorí ọgbọ́n náà, àwọn kan nítorí pé wọ́n rò pé ó ti parí.

Bí wọ́n ṣe dá bọ́ọ̀sì Kamitsuzura dúró nìyẹn. Ọkọ̀ kékeré kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó tẹ ìlú láago lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, kó sọ ibi tó ń lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé, "kódà bó jẹ́ ọba," Alága ló sọ bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Èrò kọ̀ọ̀kan lè gbé ẹrù ẹyọ kan, kí orúkọ ẹni tó ni ín sì wà lára rẹ̀.

Níwọ̀n bí ìlú kankan nílẹ̀ wa kì í ti í dá nǹkan sílẹ̀ láìṣe ọmọláńgidi tí èèyàn á wọ̀ máa jó, wọ́n ṣe ti ọkọ̀ náà. Ìgbín ni. Ó gbé bọ́ọ̀sì sẹ́yìn dípò ìkarahun, ó sì ní túbọ̀mu Alága. Tíṣà àgbà kan dìde nípàdé, ó ní, "Alága, ṣé ìgbín kò lọ́ra jù fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀?"

"Ta ló gbọ́ ọ rí pé ìgbín pẹ́ dé?" ni Alága fi dá a lóhùn. "Ṣé ó sọ ìgbà tí òun máa dé fún yín ni?"

Tíṣà ronú sí i, ó jókòó.

Ìyá Hanyū lọ ká Alága mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìyá yìí ti pọ̀n ọ́n rí nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì máa ń pè é lórúkọ.

"Shigenobu, kí ni mo gbọ́ yìí? O ti dá bọ́ọ̀sì dúró?"

"Màmá, ẹ kàn máa pe fóònù ni. Nǹkan ìgbàlódé ni."

"Fóònù ní táyà?"

"Ẹ ò mọ̀ bí a ṣe ń gba ayé là, Màmá."

"Èmi ò bá ọ sọ ti ayé. Kinzō ni mò ń sọ."

Ọkọ̀ kékeré náà kì í dé òkè lójoojúmọ́. Nígbà mìíràn, ó ti kún kó tó kan orúkọ Tomie. Kinzō bẹ̀rẹ̀ sí í rù, egungun èjìká rẹ̀ sì ń yọ lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí Nezu wá ń wá èrò ọkọ̀ kan tí á fi sínú ìgbìmọ̀ nítorí pé òfin ní kó wà níbẹ̀, ó wo àwọn ìyá mẹ́ta náà, ó mú Tomie, nítorí òun ló dà bí ẹni tí á máa sùn nípàdé.

Ó ku ohun kan tí Alága fẹ́ ṣe kí àmì ẹ̀yẹ tó dé. Lọ́dọ̀ wa, bí àgbà bá rí i pé ojú àti ẹsẹ̀ òun kò yá mọ́, á mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ lọ dá padà fún ọlọ́pàá. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á tẹrí ba, á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn kan máa ń sunkún díẹ̀ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Iwadate kó ẹgbẹ́ onífèrè ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn lọ dá tirẹ̀ padà. Ọ̀gá ọlọ́pàá gbé òdòdó fún un, kámẹ́rà ń tàn, ìgbín ń jó. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò tíì kúrò, ẹnu Iwadate kò sì lè rí kámẹ́rà kó dákẹ́.

"Ìwé nìkan kọ́!" ló pariwo. "Ọkọ̀ dúdú yẹn náà, mo yọ̀ǹda rẹ̀! Títí n ó fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àga yìí, ìdí mi kò ní kan ìjókòó ọkọ̀ aládàáni mọ́, ì báà ṣe tèmi, ì báà ṣe ti ọ̀rẹ́!"

Nezu ti ń pàtẹ́wọ́ kó tó rántí pé òun náà ń gun ọkọ̀ náà. Ọwọ́ rẹ̀ rọra ń dẹ̀ bí aago tí agbára rẹ̀ ń tán.

Wọ́n kọ ìbúra náà sára aṣọ gbọọrọ kan, wọ́n fi í kọ́ láti òrùlé gbọ̀ngàn ìjọba dé ilẹ̀, ẹni tó wà lódìkejì odò lè kà á. Àwọn asìnkú ìlú kejì ló ra ọkọ̀ dúdú. Wọ́n ní léèsì yẹn á wúlò fún àwọn.

Lálẹ́, Setsuko ìyàwó rẹ̀ bu ọbẹ̀ sínú àwo rẹ̀.

"Baba ilé, kí lẹ máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́?"

"Bọ́ọ̀sì."

"Bọ́ọ̀sì wo?"

Iwadate gbé igi ìjẹun rẹ̀ kalẹ̀. Kò tún gbé e mọ́.

Ó ń sùn sílé àlejò nísàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ṣùgbọ́n kóòtù onírù tó fẹ́ fi gba àmì ẹ̀yẹ wà nílé, ó sì wọ ọkọ̀ ìgbín gòkè lọ mú un. Ó gbà pé Nezu á ti forúkọ òun sílẹ̀ fún ìsọ̀kalẹ̀. Ní ti Nezu, ó gbé fóònù, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e. Báwo lèèyàn á ṣe ka orúkọ Alága tẹ̀lé ti Ìyá Yone bí ẹni ń to ìkòkò? Ó ní ìwọ̀sí ni. Ó ní àgbà tó báyìí, ọkọ̀ á mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ó bá gbé fóònù kalẹ̀ pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ ńlá náà, Iwadate dúró níbùdókọ̀ nínú kóòtù onírù, ó so àmì góòlù mọ́ àyà, túbọ̀mu sókè. Ọ̀bọ kan jókòó lórí ògiri, ó ń wò ó. Nígbà tí kò rí ẹni tó wá pè é, ó tẹ ìlú láago. Ohùn kan tó dùn dáhùn.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ìlú tí mo fẹ́ràn. Èmi Iwadate Shigenobu ni. Kí ẹ tó sọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìlú wa ti ń bọ̀…"

Ohùn náà sọ ti bàbá ńlá rẹ̀. Ó sọ ti afẹ́fẹ́. Ó sọ ti ìgbà èwe rẹ̀ àti ẹja tó pa. Iwadate ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Jọ̀ọ́, parí ẹ̀!" ló sọ fún ara rẹ̀. Nínú gbogbo ìṣèjọba rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ọmọbìnrin kan wá gbà á níkẹyìn. "Ẹ ṣeun tí ẹ pè wá. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ọkọ̀?"

"Ìsinsìnyí!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú rárá. Àná ló yẹ kí ẹ ti pè."

"Ṣé o mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín, Alága. Ohùn yín ni mò ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ti ń gbọ́ ọ lójú oorun." Ó tún bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ibẹ̀ ló wà tí ọkọ̀ kékeré fi yọ lọ́nà tẹ́mpìlì, àwòrán ìgbín onítúbọ̀mu lára rẹ̀. Àwọn ìyá mẹ́ta tó pè é lánàá ló wà nínú rẹ̀. Urabe dírẹ́bà wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ó fi ìka tọ́ka sí dígí, ó ké, "Ọ̀tún dára!" Ó tọ́ka sẹ́yìn, ó ké, "Ẹ̀yìn dára!" Lẹ́yìn náà ló tó wo Alága.

"Orúkọ yín ò sí níbí, Alága."

"Urabe, ṣí ilẹ̀kùn."

"Òfin yín ni, Alága."

"Ó ní kódà bó jẹ́ ọba," ni Ìyá Fusae wí láti inú ọkọ̀. "Mo gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́."

"Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn," ni Ìyá Yone wí. "Ẹsẹ̀ kì í rú èéfín."

"Ẹ̀yin ìyá mi," ni Iwadate wí, òógùn sì ti ń fa ṣóńṣó túbọ̀mu kan wálẹ̀, "aṣojú gómìnà ń dúró! Màmá Hanyū, ẹ fún mi níjókòó yín. N ó fi yín jẹ oyè nǹkan kan."

"Kí n wá máa fi oyè bọ́ Kinzō?" Tomie wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Urabe, ẹrù mélòó lòfin gbà fún mi?"

"Ẹyọ kan, Màmá."

"Mi ò gbé ẹrù kankan lónìí."

Ìyá Fusae ló kọ́kọ́ yé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi forí gbá fèrèsé.

"Màmá! Èmi, alága ìlú!"

"Ó dáa. Urabe, ti ilẹ̀kùn."

"Màmá! Ẹ dúró ná!"

Ẹ̀yìn ló wọ̀, níbi ẹrù, láàárín garawa ẹ̀fọ́ oníyọ̀ Ìyá Fusae àti dáíkọ̀n Ìyá Yone, ẹ̀fọ́ onígbòǹgbò tó funfun gbọọrọ bí ọwọ́ ọmọ òyìnbó. Urabe kò gbójú fo òfin. Ó kọ "Hanyū" sórí pátákó kékeré, ó so ó mọ́ bọ́tìnnì kóòtù onírù, nídìí góòlù. Ó tọ́ka sí wọn níkọ̀ọ̀kan. "Èrò mẹ́ta! Ẹrù mẹ́ta! Ó dára!"

Wọn kò tíì dé afárá tí ohùn kan fi jáde lẹ́yìn. "Urabe, gba gbọ̀ngàn ìjọba lọ tààrà."

"Ìyá Yone," ni Urabe wí, "ṣé ẹrù yín ló ń sọ̀rọ̀?"

"Tèmi kọ́ o. Dáíkọ̀n ni tèmi."

"Ilé ìwòsàn ni mo sọ fún wọn," ni Tomie wí. "Ibi tí ẹlẹ́rù bá ń lọ lẹrù ń lọ."

"Ìpàdé ń dúró, Màmá!"

"Kinzō náà ń dúró."

Nílé ìwòsàn, Iwadate jókòó lóde yàrá, pátákó láyà. Àwọn arúgbó tó jókòó sí àga gígùn náà ti gba ìtọ́jú tán, ọkọ̀ ni wọ́n ń retí. Ẹnìkan ti mú bùláńkẹ́ẹ̀tì wá láti ilé, ó fara balẹ̀ ká a sórí orúnkún bí ẹni tó mọ̀ pé ó máa pẹ́. Baba kan bi Iwadate pé, "Ìwọ náà, òkè ni wọ́n ti gbé ọ wá? Ìgbà wo ni wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìgbín ni." Baba náà nawọ́ sí àwòrán ara ògiri. Ó wo túbọ̀mu ìgbín. Ó wo ti Iwadate. Ọmọlúàbí ni baba náà, ó bá gbé ojú sórí bàtà rẹ̀, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.

Láti inú yàrá, ìró ṣíbí ń dún, ohùn Tomie sì ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀kan sí i. Mo mọ̀ pé mi ò wá lọ́jọ́sí. Kì í ṣe pé mo kọ̀ ọ́, ọkọ̀ ni kò sí." Ẹ má rò pé ọkàn Alága yí padà níbẹ̀ o. Àmì ẹ̀yẹ ló ń rò. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, nítorí ilẹ̀kùn náà kò padé tán.

Ní gbọ̀ngàn ìjọba, Nezu ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀. Ó ti pàtẹ́wọ́ fún òfin, fún ojú ọjọ́, fún àga. Ẹni tó wà nínú ìgbín ti dákú nítorí ooru, wọ́n ń fẹ́ ẹ létí ògiri. Obata, aṣojú gómìnà, obìnrin tín-ín-rín kan tó gbé àmì ẹ̀yẹ sórí itan nínú aṣọ àlùkò, ti wo aago títí ojú fi tì í láti tún wò ó.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹgbẹ́ onífèrè bẹ̀rẹ̀ orin. Ìyá Hanyū ló wọlé, Alága ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ewé dáíkọ̀n lórí èjìká. Obata tẹrí ba.

"Ẹ kú ọ̀nà, Alága. Kí lẹ wọ̀ wá?"

Ìbéèrè ọmọlúàbí lásán ni, bí ìgbà téèyàn ń béèrè àlàáfíà. Iwadate gbé àyà sókè. "Mo fi ètò ọkọ̀ èrò wa olókìkí, tí gbogbo ayé yóò…"

"Ẹrù mi ni," ni Tomie wí.

Obata tẹ̀ síwájú, ó ka pátákó náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Ó gbé fáìlì bo ẹnu. Ẹni tó di kámẹ́rà mú kò ní fáìlì. Àwòrán tí gbogbo ìlú rí lọ́jọ́ náà gbọ̀n bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mì.

Nígbà tí Obata lè sọ̀rọ̀, ó ní òfin fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu èrò ọkọ̀ kí wọ́n tó dìbò.

"Ẹ má dá ara yín láàmú," ni Nezu wí, "Màmá yìí sábà máa ń sùn."

"Mi ò sùn rí," ni Tomie wí. "Mo ń dijú kí n má baà rí túbọ̀mu ni." Ó di etí tábìlì mú, ó dìde. "Alága ní bọ́ọ̀sì tí kò rìn kì í rú èéfín. Òótọ́ ni. Ọkọ mi tí kò jẹun, kì í jẹ ìrẹsì wa tán. Ṣé kí gómìnà fún òun náà ní àmì ẹ̀yẹ?"

Obata ní kí àwọn tó kọ̀ ètò náà nawọ́. Tíṣà àgbà nawọ́, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Nezu rí i pé gbogbo ènìyàn ń gbé ọwọ́, ó gbé tirẹ̀, ó sì fi èkejì lù ú.

"Nezu!"

"Ẹ forí jì mí, Alága," ni Nezu wí, ó ń pàtẹ́wọ́ lọ, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọwọ́ náà kò gbà láti dúró!"

Àmì ẹ̀yẹ bá aṣọ àlùkò rẹ̀ padà sọ́dọ̀ gómìnà. Kí igi ṣẹ́rì tó tanná, wọ́n dìbò, Iwadate sì bọ́ lórí àga. Setsuko kò sọ ẹni tí òun dìbò fún, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ọjọ́ náà dùn. Bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lo iná mànàmáná ló bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Kamitsuzura, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun kan ló kù: òfin kan náà ní ọ̀nà tí èrò rẹ̀ bá pọ̀ tó nìkan ni bọ́ọ̀sì yóò máa gbà. Iye èrò tí wọ́n fẹ́ kò pọ̀, síbẹ̀ ó ku ẹnìkan kí èrò Kamitsuzura tó pé.

Tomie lọ kan ilẹ̀kùn.

"Shigenobu! Jáde."

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nísàlẹ̀? Mi ò níṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́."

"Ta ló béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ? Orí kan ló kù. Wá jókòó. Jíjókòó niṣẹ́ náà, o sì ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún."

Ó jáde. Ó sanwó rẹ̀, ó dúró sẹ́yìn dírẹ́bà bí ẹni tó ń retí kí wọ́n fi ìjókòó hàn án, àpò Ìyá Yone ló wà níbẹ̀. Ó lọ jókòó ti Ìyá Fusae. Bí wọ́n ṣe gba ìdí odò kọjá, ó wú ikọ́, ó gbé àyà sókè, "Ẹ̀yin ará Kamitsuzura…" Ìyá Fusae bó ọsàn, ó fi ẹyọ kan dí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ó tún nawọ́ gba òmíràn.

Ó ń bá wọn lọ báyìí títí yìnyín fi bo òkè. Lọ́jọ́ kan tí ilẹ̀ ń yọ̀, ó bá Tomie gbé ìkòkò oúnjẹ dé ẹnu yàrá ilé ìwòsàn, ó wá dúró síbẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé. Yìnyín ti yọ́ sórí túbọ̀mu rẹ̀, ó sì wálẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́. Kinzō ń jẹun lọ́wọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ díẹ̀. Ó fi ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ wo ẹnu ọ̀nà.

"Ta nìyẹn?"

Tomie bojú wẹ̀yìn.

"Ọ̀gbẹ́ni kan ni," ó ní. "Ó máa ń bá wa wọ bọ́ọ̀sì."